Pa Á Mọ́ Kì Í Ṣe Pa Á Rẹ́

Bódìjà, Ìbàdàn.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Fúnmiláyọ̀ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Kọ́kọ́ yọ ẹja inú àpò yìí, kó o gbé e sórí iná díẹ̀ kó má bàa bàjẹ́. Ẹja Ẹlẹ́yẹlé ni, mo ti yan án. Bó o bá ṣe ìyẹn tán, wá ibì kan jókòó sí, gbé fóònù rẹ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó o ka lẹ́tà yìí dé òpin. Mo mọ̀ pé wàá máa rẹ́rìn-ín pé kí ló dé tí Màmi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti Sọ́ńdè. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo dá mi lóhùn pé, "Ó yé mi, Màmi," tó o sì gbé fóònù sílẹ̀. O ò lè sọ "ó yé mi" fún lẹ́tà. Kíkà lo máa kà á.

Ara mi ò balẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Láti Sọ́ńdè ni mi ò ti lè jókòó sójú kan. Mo ti gbá àgbàlá lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí. Mo ti kó gbogbo abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀, mo sì ti kó wọn padà síbẹ̀ láìfọ ọ̀kankan. Dádì rẹ wà ní fàráńdà, wọ́n ní ṣé Bíbélì ni mo fẹ́ kọ ni. Mo ní kí wọ́n máa gbọ́ rédíò wọn lọ.

Jẹ́ kí n rán ọ létí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, torí ó dá mi lójú pé o ti gbàgbé. A ń jẹun lọ́wọ́, fóònù rẹ dún. Dókítà ni, ọ̀gá rẹ tuntun, àwọn tó ni ilé ìwòsàn ní Ring Road tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ pé kó o máa tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà wọn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. O sáré lọ síbi wíńdò, o ń na ọrùn jáde bí adìyẹ: "Hẹ̀lóò, sà? Ẹ̀n, ẹ̀n. Yẹ́ẹ̀sì, sà. Ẹ ṣé, sà." O padà wá jókòó. Mo ní kí ni Dókítà wí. O ní, "Wọ́n ní kí n pa... ẹ̀rọ ńlá àtijọ́ yẹn, lọ́jọ́ Fúráìdè, kí wọ́n tó gbé tuntun dé."

Mo ní, "Kó o pa á báwo? Ṣé kó o pa iná rẹ̀ ni? Ṣé kó o pa ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ ni? Àbí kó o pa á rẹ́?"

O wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. O ní, "Màmi, ẹ jẹun. Ó yé mi."

Òkèlè ọwọ́ mi kò dé ẹnu mọ́. Ẹ̀rọ yẹn, ìwọ fúnra rẹ lo ṣàlàyé fún mi pé òun ni ìyá gbogbo àwọn ẹ̀rọ tó kù níbẹ̀, pé orúkọ gbogbo aláìsàn àti gbogbo oògùn tí wọ́n ti lò, inú rẹ̀ ló wà. Òní ni Ọjọ́rú. Ọ̀túnla ni Fúráìdè. Ìdánwò kọ̀ǹpútà rẹ ku ọjọ́ mẹ́wàá, ìdánwò tó o ti fìdí rẹmi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì sọ fún ọ níbi iṣẹ́ pé bó ò bá rí sátífíkéètì náà gbà, wọn ò ní lè fi ọ́ sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ wọn. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n Fúráìdè ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ìdánwò lọ.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà kan wà lọ́wọ́ mi tí mi ò fi han ẹnikẹ́ni rí, àní Dádì rẹ pàápàá kò mọ̀. Òun ni mo fẹ́ tẹ́ sílẹ̀ fún ọ lónìí.

Kí n tó fẹ́ Dádì rẹ, mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan lápá Dùgbẹ̀. Ìyẹn o mọ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa tẹ orúkọ àwọn aláboyún àti àwọn ọmọ wọn sínú kọ̀ǹpútà: ọjọ́ ìbí, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gbà, oògùn tí ara wọn kò gbà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní, ó sanra, ó gba gbogbo orí tábìlì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkìtì dé ni. Lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo sọ pé mò ń lọ sí "úlé", bí a ṣe ń pe ilé lọ́dọ̀ wa, gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Odindi oṣù kan ni wọ́n fi ń kí mi pé, "Úlé ńkọ́ o?" Ẹ gbà mí o! Àwọn tí ń pe iṣu ní isu ló ń fi èmi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí nígbà náà, ó dùn mí gan-an. Látìgbà náà ni mo ti kọ́ ìwà burúkú kan: bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́, mi ò jẹ́ béèrè pé "kí lẹ wí?" Màá ní, "Ẹ ṣé, sà," màá wá lọ máa méfò ohun tí wọ́n fẹ́.

Ọ̀gá mi, Bàbá Onígíláàsì la máa ń pè wọ́n bí wọn ò bá sí nítòsí. Orógbó kì í kúrò lẹ́nu wọn. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀, orógbó á máa ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lọ sí ti òsì. Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí, kọ̀ǹpútà wa ti kún, ó ń rìn bí ìgbín, gbogbo wa ló ń ráhùn. Lọ́jọ́ kan tí mo ti gbé báàgì mi pé kí n máa lọ, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn wíńdò, Bàbá Onígíláàsì yọjú lẹ́nu ọ̀nà tàwọn torógbó wọn. Wọ́n ní, "Fáìlì ọdún tó kọjá yẹn, pa á mọ́ kó o tó máa lọ."

Ohun tí wọ́n wí nìyẹn. Ohun tí mo gbọ́ ni "pa á", àti nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ tó lọ sókè. "Mọ́" lọ sókè. "Rẹ́" náà lọ sókè. Orógbó àti jẹnẹrétọ̀ ti jẹ èyí tó kù. Mo wá rò ó nínú ara mi pé, ẹ̀rọ ti kún, kí lèèyàn ń ṣe sí ohun tó bá kún bí kò ṣe kó dà á nù? Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Mo tún gbé báàgì mi sílẹ̀, mo yan gbogbo fáìlì ọdún náà, mo ní kí ẹ̀rọ pa á rẹ́. Fúnmi, ẹ̀rọ yẹn bi mí léèrè. Ó kọ ọ́ sójú rẹ̀ gbàgàdà pé ṣé ó dá mi lójú. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì pé ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí kò ṣe é yí padà o, ṣé kí òun máa ṣe é lọ? Mo tún tẹ bẹ́ẹ̀ ni, torí pé ọkọ̀ Òjóò ti fẹ́ gbéra, mi ò sì fẹ́ kó fi mí sílẹ̀. Irin lásánlàsàn, tí ìyá kankan ò kọ́ nílé, bi mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣe ohun tí mo rán an. Èmi ọmọ èèyàn, ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́, mi ò bi ọ̀gá mi lẹ́ẹ̀kan péré.

Mo dìde nídìí ìwé yìí báyìí, mo lọ pa gáàsì. Omi tí mo gbé kaná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Mo ti padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Onígíláàsì ní kí n mú dísíkẹ́ẹ̀tì tí mo pa fáìlì náà mọ́ sí wá. Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ "pa á mọ́" ketekete, torí wọn ò tíì bu orógbó àárọ̀ wọn jẹ. Kí ni mo wí? Mo ní, "Iná ló lọ, sà. Mò ń ṣe é lọ́wọ́ ni iná lọ, ló bá kó gbogbo ẹ̀ lọ."

Ta ni ò ní gba ìyẹn gbọ́ nílẹ̀ wa yìí? Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kí mi kú àjálù. Bàbá Onígíláàsì lọ bá àwọn ọ̀gá àgbà fà á títí wọ́n fi ra bátìrì gbàǹgbà kan, tí yóò máa gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ. Abẹ́ tábìlì mi ni wọ́n gbé e sí. Ọdún mẹ́fà gbáko ni bátìrì yẹn fi ń ṣẹ́ ojú pupa sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Wọ́n á tún máa yìn mí pé ọpẹ́lọpẹ́ mi, òun la fi ní bátìrì.

Wọ́n ní kò burú, ṣebí ẹ̀dà wà. Gbogbo Fúráìdè ló yẹ kí n máa da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ sí dísíkẹ́ẹ̀tì, mo sì ń ṣe é lóòótọ́. Mo fi bíró kọ ọjọ́ sára wọn, o mọ bí ìkọ̀wé mi ṣe dára tó. Nígbà tí a wá ń kì wọ́n bọ ẹnu ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ṣófo, èkejì kọ̀ kò ṣí, ẹ̀kẹta ṣófo. Mi ò ṣí ọ̀kankan wò rí látọjọ́ tí mo ti ń ṣe é. Ara dísíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń kà, mi ò ka inú rẹ̀. Ó di ká máa tú káàdì ìwé nínú yàrá ẹ̀yìn, láàárín ìgbẹ́ eku, ká máa tẹ gbogbo rẹ̀ padà. Èyí tí eku ti jẹ, ó lọ nìyẹn.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, ǹ bá ti gbàgbé. Ìyá ọmọ kan wá lọ́jọ́ kan, ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Káàdì ọwọ́ rẹ̀ ti sọnù nígbà tó ń kó ilé. Nọ́ọ̀sì bi í pé abẹ́rẹ́ wo ni ara ọmọ náà kò gbà nígbà kan. Ìyá ọmọ ní òun ò mọ orúkọ rẹ̀, pé ṣebí a ti kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ó nàka sí mi, ó ní, "Sista yìí ló tẹ̀ ẹ́, ojú mi ló ṣe." Mo gbórí sílẹ̀, mò ń tẹ nǹkan tí kò sí. Nọ́ọ̀sì ní kó padà sílé lọ wá káàdì náà, òun ò lè fún ọmọ ní ohun tí òun ò mọ̀. Òòrùn mú lọ́jọ́ náà. Ó tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó lọ. Mi ò rí i mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ilé ìwòsàn mìíràn ló lọ, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n fún ọmọ náà ní ohun tí kò yẹ. Bí ọmọ yẹn bá wà láyé, yóò ti dàgbà jù ọ́ lọ díẹ̀. Títí di òní olónìí, bí mo bá wà ní Dùgbẹ̀, mo ṣì máa ń wojú àwọn obìnrin tó tó ọjọ́ orí ìyá náà.

Ó tó. Kí n má bàa máa sunkún sórí ìwé, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọgbọ́n inú rẹ̀ fún ọ.

Èkínní. "Ó yé mi" kì í ṣe ìkíni. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo gbé oúnjẹ wá fún ọ ní kíláàsì yín ní Agbowó, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tísà yín, ọmọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn, kọ nǹkan sójú pátákó, ó yíjú padà, ó ní, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo yín ké pé, "Ó yé waaa!" Ohùn tìrẹ ló ròkè jù. Lẹ́sẹ̀ kan náà lo yíjú sí ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ, o ní, "Kí ló ń sọ gan-an?" Mo rí ọ o! Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́ báyìí. Ohun tó bá yé ọ, wàá lè sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá, láìsí gírámà kankan nínú rẹ̀. Máa pe Dádì rẹ nírọ̀lẹ́, kó o ṣàlàyé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà fún wọn. Wọ́n lágídí, wọn ò ní sọ pé ó yé àwọn bí kò bá yé wọn. Bí tiwọn bá yé wọn, tìrẹ ti yé ọ nìyẹn.

Èkejì. Ìwé fọ́tòkọ́pì tó wà nínú báàgì rẹ. Mi ò tú ẹrù rẹ wò, bíró ni mò ń wá. Mo rí ìbéèrè ìdánwò àwọn tó ṣe é ṣáájú yín àti ìdáhùn rẹ̀, A, D, B, B, ó lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Mo mú ọ̀kan, mo bi ọ́ pé kí ni ìbéèrè yìí ń wí. O ní, "C ni, Màmi." Mo ní mi ò bi ọ́ ní lẹ́tà, mo ní kí ló ń wí. O tún ní, "C ni." Ọmọ mi, ohun tó jẹ́ kó o fìdí rẹmi nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọ́n yí ìbéèrè padà díẹ̀, C sá lọ. Bí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn bá sì kú lọ́jọ́ kan, tí Dókítà dúró lé ọ lórí, kò ní fi A àti B bi ọ́ léèrè. Fi ìwé yẹn dáná ẹja.

Kọ̀ǹpútà àlòkù tí Dádì rẹ fún ọ ńkọ́? Ìyẹn ni kó o máa fi kọ́ṣẹ́. Ba nǹkan inú rẹ̀ jẹ́, kó o tún un ṣe, kó o tún bà á jẹ́. Mo fún ọ láṣẹ. Dádì rẹ náà fún ọ láṣẹ, wọn ò kàn tíì mọ̀ ni.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹ̀dà. Gbogbo ìwé tó ò ń kà ló ń sọ ọ́ pé kó o máa ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ pa mọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó ò ṣí wò, orúkọ lásán ni. Ṣí i. Ka inú rẹ̀. Mú orúkọ ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀, kó o wò ó bóyá ó pé, kó o tó fọwọ́ kan ojúlówó. Má jẹ́ kí ìkọ̀wé rere tàn ọ́ jẹ bó ṣe tan ìyá rẹ jẹ.

Ẹ̀kẹrin, àbí ẹ̀karùn-ún ni mo dé? Ẹnìkan kan géètì, mo lọ ṣí i, àwọn olómi ni. Ẹ̀kẹrin ni. Ọ̀rọ̀ páswọ́ọ̀dù. Oṣù tó kọjá tí mo wá kí ọ níbi iṣẹ́, mo ní kí o fún mi ní páswọ́ọ̀dù íńtánẹ́ẹ̀tì wọn kí n fi wo fídíò ṣọ́ọ̀ṣì. O kọ ọ́ sí ìwé pélébé fún mi kíá, o tún fi ọwọ́ méjèèjì fún mi, ọmọ tó mọ̀wàáhù. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kó o ti kọ̀ fún mi! Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti kọ̀ fún àgbà. Mo ti ro bí wàá ṣe máa sọ ọ́: "Ẹ má bínú, mà. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yìí ṣọ́ mi ni, kì í ṣe tèmi. Ẹ jẹ́ kí n bá yín béèrè." Kò sí àgbà tó mọ ara rẹ̀ tí yóò bínú sí ìyẹn. Èyí tó bá bínú, kó lọ wo fídíò rẹ̀ nílé.

Ibi tí mo fẹ́ kó o fi etí sí jù nìyí. Ìbọ̀wọ̀ kọ́ ni dídákẹ́. Àwa la kọ́ ọ pé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, kí ọmọdé máa ní "ẹ ṣé". A ò kọ́ ọ tán. Ẹ̀bi mi ni, mo gbà. Ó yẹ kí n ti kọ́ ọ pé bó ò bá gbọ́, kó o kúnlẹ̀ béèrè. Kúnlẹ̀ kó o ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò gbọ́ yín dáadáa. Ṣé ohun tí ẹ ní kí n ṣe nìyí?" Kó o wá tún ọ̀rọ̀ wọn sọ fún wọn. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Orúnkún tó kanlẹ̀ kò ní bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó o bá fi "ẹ ṣé, sà" pa rẹ́, ó lọ nìyẹn.

Bó o bá sì ṣe àṣìṣe, torí wàá ṣe é, gbogbo wa là ń ṣe é, má sọ pé iná ló lọ. Sọ ọ́ ní wákàtí tó o ṣe é. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ju ogún ọdún lọ. Àná ló lé mi bá.

Bẹ́ẹ̀ ni, àná. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Láti Sọ́ńdè tó o ti sọ "pa" yẹn, bátìrì yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú sí mi padà. Mo wọ táàsì dé Mọ́kọ́lá, mo wọ òmíràn lọ sí Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí Bàbá Onígíláàsì kọ́lé sí. Ìdí nìyẹn tó o fi rí ẹja. Wọ́n jókòó síwájú ilé, wọ́n ti gbó gan-an. Eyín ò sí mọ́, orógbó ti tán lẹ́nu wọn. Wọ́n wò mí títí, ojú wọn là: "Ọmọ Èkìtì! Úlé ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ dákun, sà. Fáìlì àwọn aláboyún ọjọ́sí, iná kọ́ ló lọ. Èmi ni mo pa á rẹ́."

Wọ́n fi ọwọ́ gbé etí sókè. "Kí lo wí?"

Mo tún un sọ, mo gbé ohùn sókè díẹ̀.

"Mi ò gbọ́ o. Etí mi ò gbọ́ mọ́ bíi tàtijọ́. Sún mọ́ mi, tún un sọ."

Fúnmi, ohun tí mo fi pamọ́ láti ìgbà ọmọge mi, tí mo rò pé màá sọ jẹ́jẹ́ kí n sì máa lọ, ariwo ni mo fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. "Èmi ni mo pa á rẹ́, sà! Ẹ ní kí n pa á mọ́! Mi ò gbọ́! Mi ò sì béèrè!" Ìyàwó ọmọ wọn tó ń fọṣọ dáwọ́ dúró. Onísọ́ọ̀bù òdìkejì jáde síta. Omi ń bọ́ lójú mi.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á: "O ní mo ní kó o pa á mọ́. Ìwọ gbọ́ pa á rẹ́. Ojú ń tì ọ́ láti bi mí. O wá ní iná ló lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ó yé mi báyìí."

Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo gbọ́ "ó yé mi" lẹ́nu ẹni tí ọ̀rọ̀ yé lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n béèrè kí wọ́n tó sọ ọ́. Wọ́n bi mí pé ṣé orógbó ni, mo ní orógbó wà níbẹ̀, sà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tó gún mi lọ́kàn: pé àwọn mọ̀ nígbà náà pé àwọn kì í sọ̀rọ̀ já geere, pé gbogbo wa là ń dá àwọn lóhùn pé "ẹ ṣé, sà," àwọn sì rò pé a ń gbọ́. Wọ́n ní, "Ká ní ẹnì kan bi mí lẹ́ẹ̀kan ni, ǹ bá ti tu orógbó náà dànù."

Ara mi fúyẹ́ gan-an títí mo fi dé Mọ́kọ́lá. Ní Mọ́kọ́lá ni mo rántí Fúráìdè, ni ẹ̀rù bá tún bà mí.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, mi ò ní sọ fún ọ pé kó o jẹun dáadáa, kó o sùn, kó o gbàdúrà. O ti mọ gbogbo ìyẹn. Mi ò tilẹ̀ ní sọ̀rọ̀ nípa ìdánwò mọ́. Bó o bá lè ṣe ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ yìí, wàá gba sátífíkéètì náà. Bó o bá tún fìdí rẹmi nínú ìdánwò, wàá ṣì jẹ́ ẹni tí wọ́n lè fi ẹ̀rọ ṣọ́. Onítáàsì wa tó gbé àpò yìí wá, mo ti ní kó má kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ ní Challenge títí wàá fi kà á tán. Ó ń dúró níta.

Mú fóònù rẹ báyìí. Jáde lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára. Pe Dókítà. Sọ fún wọn pé o ò gbọ́ wọn dáadáa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí wọ́n tún un sọ. Bó ò bá gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀kejì, béèrè ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kí gbogbo Challenge gbọ́ pé o ò gbọ́.

Lẹ́yìn náà, pè mí. Fóònù mi wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní gbé e sílẹ̀. Má sọ fún mi pé ó yé ọ. Sọ ohun tí wọ́n wí fún mi.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń kọ ọ́ lórí ìdúró.